Ará Òkè Odò àti Ará Ìsàlẹ̀ Odò

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tàbí ti sàká. Ọ̀rọ̀ omi ni, ẹjọ́ ara mi ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ rò fún yín kí n tó ro ti ẹlòmíràn.

Ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí mo ti ń ṣe lèmọ́mù ní Festac Town, a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn jámáà ni ó dá owó tí a fi gbẹ́ ẹ jọ, láti Jímọ̀ kan dé Jímọ̀ kejì, títí ó fi pé. Nígbà tí omi yọ, a fi ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà sí inú ọgbà fún àlùwàlá, a sì fi méjì sí ara ògiri lóde kí àwọn aládùúgbò lè máa rí omi pọn, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Inú wa dùn púpọ̀ sí i. Mo ṣe wáàsí lórí rẹ̀ nígbà náà, mo sì sọ fún jámáà pé nínú àwọn ọrẹ tí èrè rẹ̀ kì í dá lẹ́yìn ikú ẹni, omi wà níbẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó epo tí a ń rà sí jẹnẹrétọ̀ fò sókè lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ní ti iná mànàmáná, ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí jókòó, wọ́n ní àwọn ará ìta ni ó ń jẹ epo náà tán, pé kí a fi àgádágodo sí ẹnu ẹ̀rọ méjèèjì tí ó wà lóde. Èmi ni mo dá wọn láre. Èmi kan náà ni mo tún dúró lórí mínbárì ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo sọ fún àwọn ènìyàn pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ẹni tí ó bá mi jiyàn.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, bí a ti kírun àsùbáà tán ní ọjọ́ kan tí mo ń jáde, mo bá mẹ́rúwà kan tí ó dúró ti ọmọlanke rẹ̀ lẹ́bàá ògiri wa. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni ó máa ń gbé omi wá sí ilé mi, ó sì máa ń kírun lẹ́yìn mi nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbé e gba ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣófo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kí mi, ó ní, “Àáfà, ẹ ti ti omi náà ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, epo ti wọ́n jù.” Ó wo àgádágodo náà títí, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ní ọ̀dọ̀ tiwa tí kò sí omi, a kì í ti kànga.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Mo bi í pé níbo ni “ọ̀dọ̀ tiwa” yìí. Ó ní ìtòsí Nguru ni, ní ìpínlẹ̀ Yobe. Ẹ̀yin ènìyàn mi, òjò tí ń rọ̀ ní Nguru láàárín ọdún kan kò pé ínṣì 20, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ń rọ̀ ní Èkó lé ní 60. Ẹni tí ó wá láti ibi tí òjò rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta tiwa ni ó ń ti ọmọlanke káàkiri àdúgbò wa, tí ó ń ta omi fún wa, àwa tí òkun àti ọ̀sà yí ká, tí gọ́tà wa máa ń kún wọ inú yàrá ní oṣù kẹfà!

Ẹni tí kò bá gbé ní agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin lè béèrè pé kí ni a ń ra omi fún. Ìbéèrè náà tọ́. Wọ́n kọ́ Festac Town nítorí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé tí wọ́n ṣe ní ọdún 1977, kí àwọn àlejò lè rí ilé wọ̀ sí. Àwọn àgbà tí ó tètè kó wọ inú ilé wọ̀nyí sọ fún mi pé, nígbà náà, bí ènìyàn bá yí ẹnu ẹ̀rọ inú ilé ìdáná rẹ̀, omi á máa dà ṣìnkìn. Òpó ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣì wà nínú ògiri ilé tí mo ń gbé, ṣùgbọ́n àkọ́bí mi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba báyìí kò rí kí omi kan jáde níbẹ̀ rí.

Omi inú ilẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ ní àdúgbò wa, kò ní pẹ́ tí omi yóò fi dé kókósẹ̀ rẹ̀. Èyí gan-an ni ó ń tàn wá jẹ. Omi tí ó súnmọ́ òkè bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí a bá dà sílẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Àgbojú, ní Satellite Town àti ní àwọn àdúgbò mìíràn káàkiri, sọ́káwéè ilé kan àti kànga ilé kejì lè má ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ síra wọn. Festac tilẹ̀ sàn díẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, nítorí pé wọ́n ri òpó tí ń kó ẹ̀gbin gbogbo ilé lọ sí ojú kan mọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó tí ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún 1977, ibi tí ó bá ti sán, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kò tilẹ̀ sí ẹ̀gbin kankan, irin wà níbẹ̀. Omi náà á mọ́ gaara nígbà tí ó bá ń jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú báfù fún wákàtí díẹ̀, á pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún. Ìyá àwọn ọmọ mi kì í fi í fọ aṣọ funfun mi. Àwọn kan máa ń bu álọ́ọ̀mù sí i, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì rọ sílẹ̀, wọ́n á ní omi ti mọ́. Álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò àrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu omi kànga kí ó sè é.

Iyọ̀ tún ń bẹ. Àwọn onímọ̀ nípa omi inú ilẹ̀ sọ pé ní etí òkun, omi òjò tí ilẹ̀ fà mu ń léfòó lórí omi iyọ̀ tí òkun tì wọ abẹ́ ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí epo pupa ti ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí a bá fa omi dídùn yìí títí ojú rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ẹ wá wo òpópónà wa, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí kò ní kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi aládùúgbò rẹ̀ pé mélòó ni ìwọ ń fà. Ní ti àwọn ará wa tí wọ́n wà ní erékùṣù ní òdìkejì odò ọ̀sà, tí wọ́n sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú wa, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra omi mímu kọjá lórí omi. Mo rí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tò sínú ọkọ̀ bí i pé epo ni wọ́n ń kó.

Ọ̀rọ̀ omi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa Mùsùlùmí Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀ pé owó omi wà lára ohun tí ó pín jámáà Èkó sí méjì ní ayé àwọn bàbá bàbá wa. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba Gómìnà Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wá láti Ìjù, tí ó sì ní kí àwọn ará ìlú máa san owó rẹ̀, àwọn ará Èkó fárígá. Ọdún náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti kọ owó náà. Ohun tí àwọn ará ìlú ń wí ni pé àwọn ní kànga tiwọn, pé omi Ọlọ́hun kì í ṣe ohun tí a ń sanwó lé lórí, pé àwọn òyìnbó ni ó nílò omi ẹ̀rọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1916 tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà, ìlú dàrú. Lèmọ́mù Àgbà Ibrahim àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ fara mọ́ ti ìjọba. Púpọ̀ nínú jámáà kò gbà, wọ́n wà lẹ́yìn Ọba Èṣùgbàyí. Báyìí ni a ṣe ní ẹgbẹ́ Lèmọ́mù àti ẹgbẹ́ Jámáà, tí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń dojú kọ Kíbùlà kan náà kò fẹ́ kírun lẹ́yìn ara wọn mọ́.

N kò fẹ́ dá ẹjọ́ àwọn àgbà wọ̀nyẹn, Ọlọ́hun ni yóò dá a. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó nínú ọkàn mi pé wọ́n kọ owó omi nítorí pé wọ́n ní kànga tí wọ́n gbójú lé. Àwa ọmọ wọn ń sanwó fún ọlọ́mọlanke, a ń sanwó fún oní-píọ̀-wọ́tà, a ń sanwó fún agbẹ́kànga àti elépo, nítorí pé kò sí kànga tí ó ṣeé gbójú lé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ mẹ́rúwà mi. Mo ní kí ó jókòó, mo bi í pé kí ni ó gbé e wá sí Èkó. Ó ní apẹja ni bàbá òun. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Apẹja ní ilẹ̀ gbígbẹ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé odò kan ń ṣàn wá láti apá Kano, á máa kún bo ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní fàdámà lọ́dọọdún, bí omi náà bá sì ti ń fà sẹ́yìn, àwọn á máa gbin nǹkan sí ibi tí ó ti tutù, àwọn á sì máa pẹja nínú èyí tí ó kù. Nígbà tí òun fi gbọ́njú, omi náà kì í dé déédéé mọ́, koríko kan tí wọ́n ń pè ní kachalla sì ti dí ojú odò.

Lẹ́yìn náà ni mo wádìí, mo sì rí i pé kò purọ́. Wọ́n sé odò ní Tiga ní ìpínlẹ̀ Kano ní ọdún 1974, wọ́n sì tún sé òmíràn ní Challawa ní ọdún 1992. Dáàmù wọ̀nyí fún ìlú Kano lómi mu, wọ́n sì fi omi rin oko fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ohun burúkú ni, kò sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n omi tí a bá dá dúró lókè kò lè sí nísàlẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ fàdámà tí ó wà láàárín Hadejia àti Nguru sún kì, apẹja di aláìníṣẹ́, ọmọ apẹja di mẹ́rúwà ní Festac.

Ẹ má ṣe rò pé ti àwọn ará Òkè Ọya nìkan ni. Àwa náà ní òkè odò. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sé odò Ọ̀yán tí ó ń ṣàn wọ inú odò Ògùn, Ààrẹ Shehu Shagari ni ó sì ṣí dáàmù náà ní ọdún 1983. Omi tí ó lè gbà tó 270 mílíọ̀nù mítà oníhà mẹ́ta. Ara ohun tí wọ́n ṣe é fún ni kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè máa rí omi fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé odò Ògùn ni àwọn ilé-iṣẹ́ omi ńlá wa ní Ìjù àti Àdìyán ti ń fa omi, ní Akútè. Ní ìgbà òjò, bí dáàmù náà bá kún, dandan ni kí wọ́n tú omi sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fọ́. Bí wọ́n bá sì tú u, àwọn ará Ìṣẹ́rì, àwọn tí wọ́n ń ta màlúù ní Kárà, àti àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú a máa kó ẹrù jáde. Ẹni tí ó ń fún Èkó lómi mu ní oṣù kejì ni ó ń fi omi lé ará Èkó kúrò nílé ní oṣù kẹwàá, kò sì sí ohun tí ará Èkó lè ṣe sí i ju pé kí wọ́n tètè sọ fún un lọ.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo orílẹ̀-èdè wa lápapọ̀. Àwọn ará Cameroon sé odò Benue ní Lagdo ní ọdún 1982. A fẹ́ ṣe dáàmù tiwa ní Dasin Hausa ní Adamawa kí ó lè máa gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀. A kò ṣe é parí. Ní ọdún 2012 àti ọdún 2022, nígbà tí òjò pọ̀ lápọ̀jù tí wọ́n sì tú omi Lagdo, omi gbé ilé àti ènìyàn lọ láti Adamawa títí dé Bayelsa. Ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tí ó kú lé ní 600. Maiduguri tí ó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ pàápàá, omi bò ó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí dáàmù Alau fọ́. Ẹ wo ìlú tí wọ́n ti ń tò dúró de omi, tí omi wá lé ọgọ́ọ̀rọ̀ẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde nínú rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rúwà yìí, ó dùn mí, mo ronú lé e lórí, n kò sì ṣe ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Àgádágodo wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ sí i.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ìjọba sì kéde rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí wa. Kìrìsìtẹ́nì ni, àkàrà ni ó ń dín ní ìdájí, a sì jọ máa ń ṣàwàdà. Láti ìgbà tí a ti ti omi, kànga àtijọ́ kan lẹ́yìnkùlé ni ó ti ń pọn. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí ya ìgbẹ́ gbuuru ní òru, ó ń bì. Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi nítorí pé èmi ni mo ní mọ́tò. A po iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ mọ́ omi píọ̀ wọ́tà, a ń rọ ọ́ sí ọmọ náà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé ọsibítù. Bóyá onígbáméjì ni o, bóyá òmíràn ni o, n kò mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá yìí ń sunkún nínú mọ́tò, ó sì ń sọ pé, “Omi yẹn ni, Àáfà, omi kànga yẹn ni.” Kò bú mi. Kò tilẹ̀ mẹ́nu kan àgádágodo wa. Ọlọ́hun dá ọmọ náà sí, ó ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí.

Bí mo ti padà dé ilé, mo gbé ìwé tí mo kà ní ilé-kéwú nígbà èwe mi sílẹ̀. Gbogbo wa tí a kàwé ní ilé-kéwú ni a ka orí ọ̀rọ̀ omi, ṣùgbọ́n a máa ń yára kọjá níbẹ̀, nítorí pé a rò pé ti àwọn Lárúbáwá aṣálẹ̀ ni. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àáfà mọ̀. Zubayr, ọmọ àbúrò bàbá Ànábì lóbìnrin, ní ọgbà igi dàbínù ní Mẹ̀dínà, ọkùnrin kan nínú àwọn ará Mẹ̀dínà sì ní tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ojú ìṣàn omi kan ni ó ń fún ọgbà méjèèjì lómi. Wọ́n jà sí i, wọ́n gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ó ní kí Zubayr fi omi rin ọgbà tirẹ̀, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀. Ọkùnrin náà bínú, ó ní nítorí pé ìbátan rẹ ni. Ojú Ànábì yí padà, ó sì wá fún Zubayr ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kíkún kí ó tó jọ̀wọ́ omi náà. Ìdájọ́ mìíràn wà lórí àfonífojì Mahzur, níbi tí wọ́n ti fi ìwọ̀n sí i: kí ẹni òkè dá omi dúró títí yóò fi dé kókósẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó jẹ́ kí ó máa ṣàn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni ìsàlẹ̀.

Kókósẹ̀ ni o, kì í ṣe orúnkún. Ẹ̀tọ́ ẹni òkè kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò kéré sí i. Àwọn onímọ̀ òfin wa tún sọ nípa ẹ̀tọ́ ètè, pé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ẹran, ní ẹ̀tọ́ sí omi tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ oníkànga. Omi tí a bá ti pọn sínú ohun èlò, tí a sì ṣe làálàá lé lórí, ti ẹni tí ó pọn ọ́n ni, ó lè tà á; nítorí náà kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn mẹ́rúwà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Mákà mọ̀ pé ilẹ̀ Saudi kò ní odò kan tí ń ṣàn látọdún dé ọdún. Omi òkun tí wọ́n ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò ní Shuaiba ni wọ́n ń fà gòkè lọ sí Mákà fún mímu àti ìwẹ̀. Àwọn tí kò ní omi ni ó ṣe òfin omi. Àwa tí a ní in, a rò pé a kò nílò rẹ̀.

Ìgbà tí mo dé ibi kókósẹ̀ yìí ni ojú mi là sí ohun tí mo ṣe. Mo ti ń bínú sí àwọn tí ó sé odò lókè, láìmọ̀ pé èmi náà wà lókè odò. Ògiri mọ́ṣáláṣí wa ni òkè, ilé ìyá alákàrà ni ìsàlẹ̀.

Mo pe ìgbìmọ̀ jọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Bàbá kan tí ó jẹ́ akápò wa ní ọ̀rọ̀ kókósẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra epo? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní èsì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni ó bá wa yanjú rẹ̀. Ó gbé báfù sí abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ kan nínú ọgbà, ó ní kí akápò fúnra rẹ̀ ṣe àlùwàlá bí ó ti máa ń ṣe é. Akápò ṣí ẹ̀rọ, ó ń fọwọ́, ó ń yọnu, ó ń bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, omi ń dà. Nígbà tí ó ṣe tán, báfù ti kọjá ìlàjì. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá pọn omi sínú búùtà kan, akápò tún àlùwàlá ṣe, búùtà náà kò tilẹ̀ tán. Gbogbo wa dákẹ́. Ìwọ̀n tí a kọ́ wa pé Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá tirẹ̀, mudù kan, ìyẹn bí omi ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì, kò tilẹ̀ tó ti inú búùtà yẹn. Kì í ṣe àwọn ará ìta ni ó ń jẹ epo wa. Àwa tí a wà nínú ọgbà ni à ń da omi nù, lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́.

A yọ ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin kúrò nínú mẹ́fà, a ra búùtà, a sì ṣí ti òde. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wákàtí. Omi ń yọ lóde lẹ́yìn ìrun àsùbáà fún wákàtí kan, àti lẹ́yìn àlàásárì fún wákàtí kan. A tún gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n rí irin nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí a máa fi oògùn apakòkòrò sí inú táńkì ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún wa. Owó àsẹ́ tí yóò máa yọ irin náà kúrò, a kò tíì rí i. Akápò ṣì ń kùn nípa epo, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń kọ́kọ́ mú búùtà.

Ìyá alákàrà ni a fún ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ẹ̀rọ òde. Àwọn kan nínú jámáà ní kí ni a ń fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí fún. Mo ní kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí, kọ́kọ́rọ́ omi ni, òun ni ó sì ń jí ṣáájú gbogbo yín. Ó mú iṣẹ́ náà le koko. Ó ń tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, ó ní kẹ́ẹ̀gì méjì fún ilé kan, kí ó tó kan ọlọ́mọlanke. Mẹ́rúwà mi náà ń tò. Ní Sátidé tí ó kọjá, omi tán nínú ilé mi, mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì jáde ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Ó ti ti ẹ̀rọ, ó ń ka owó àkàrà rẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí i díẹ̀.” Ó ní, “Àáfà, àkókò ti kọjá, ó di ẹ̀yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ yín.” Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi, mo padà sílé.